Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ Nínú Àdúrà Onígbàgbọ́

Bí àlejò kan bá ní kí n mú òun lọ wo ibi tí obìnrin wà nínú ìsìn Kírísítì láàárín àwa Yorùbá, n kò ní mú un lọ sídìí pẹpẹ, nítorí pé ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní mú un lọ sínú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ, níbi tí a ti ń ka owó tí a sì ti ń jiyàn lórí òrùlé tó ń jò. Orí eékún ni n ó mú un lọ. Níbi tí gbogbo ìjọ bá gbé kúnlẹ̀, tí olówó àti òtòṣì, ìjòyè àti mẹ̀kúnnù, di ojú tí wọ́n sì tẹ orí ba, níbẹ̀ gan-an ni ipò obìnrin wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó kúnlẹ̀ náà kò rántí pé ọ̀dọ̀ obìnrin ni wọ́n ti yá ohun tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe.

Kí ilé ìgbẹ̀bí tó dé, orí ìkúnlẹ̀ ni àwọn ìyá ńlá wa ti ń bímọ. Nígbà tí obìnrin bá ń rọbí, àgbàlagbà obìnrin kan a fi àyà ti ẹ̀yìn rẹ̀, òmíràn a dúró de ọmọ níwájú, aboyún náà a sì wà lórí eékún láàárín àwọn méjèèjì, lójú ààlà ikú àti ìyè, títí ọmọ yóò fi ké. Láti inú ìrora yìí ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lẹ́nu Yorùbá, ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Bí ọkọ̀ bá dànù tí ọ̀dọ́ kan sì bá a lọ, ohun tí èrò ọjà yóò fi igbe bọnu ni "Ìkúnlẹ̀ abiyamọ o!" Bí ọmọ bá ya pòókíì, tí ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí tí kò gbọ́, ìyá náà a fi ọwọ́ di ọyàn rẹ̀ mú, a sì fi ìkúnlẹ̀ tí ó kúnlẹ̀ bí i bẹ̀ ẹ́, ọmọ tí kò bá gbọ́ èyí, a kì í tún bá a wí mọ́, a ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́ nìyẹn.

Nínú àṣà wa, ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Ìdọ̀bálẹ̀ ni tirẹ̀, kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ gbalaja. Obìnrin ló ń kúnlẹ̀: ó ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, ó ń kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ gba ìre lọ́jọ́ tí ó ń lọ sí ilé ọkọ. Síbẹ̀, bí àlùfáà bá ti wí pé kí a gbàdúrà, ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹ́úkẹ́ tí yóò kà á sí ìwọ̀sí bí a bá ní kí ó kúnlẹ̀ níwájú ọba ìlú, a ká agbádá rẹ̀ mọ́ra, a sì kúnlẹ̀ bí aya. Kì í ṣe ìsìn òyìnbó ló kọ́kọ́ kọ́ wa ní èyí. Àwọn baba ńlá wa ti wí láti ayébáyé pé lórí ìkúnlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀dá, takọtabo, ti yan ìpín kí wọ́n tó wá sáyé, ni wọ́n fi ń pe kádàrá ní àkúnlẹ̀yàn; elégùn Ṣàngó lọ́kùnrin a sì máa di irun bí obìnrin, nítorí pé ìyàwó òrìṣà ni ẹni tí òrìṣà ń gùn. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wá kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù pé ìjọ dà bí aya, Kírísítì sì dà bí ọkọ, ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì létí Yorùbá. Níwájú Ọlọ́run, obìnrin ni gbogbo wa.

A kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí síwájú kí a má dárúkọ Àjàyí Crowther, ẹni tí ó ṣe gudugudu méje láti gbé èdè wa sínú ìwé. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, tí wọ́n sì yà á nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Afala. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ní Freetown nílẹ̀ Sàró, ó dìde láti ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú, ẹsẹ̀ tí ó sì mú sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà wá láti orí kìíní Ìhìnrere Lúùkù, níbi tí áńgẹ́lì ti ń sọ fún Màríà nípa ohun mímọ́ tí a ó ti inú rẹ̀ bí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì, ọ̀rọ̀ nípa inú obìnrin ló bọ́ sí i lọ́wọ́ láti fi ṣí èdè wa nínú ilé ìsìn. Ní 1846 ó padà rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, ohùn kò sì lè jáde lẹ́nu wọn. Ní 1848 ni ìyá àgbà náà ṣe ìrìbọmi, tí a sì sọ ọ́ ní Hánà, nítorí pé Sámúẹ́lì ni orúkọ ìrìbọmi ọmọ rẹ̀, Hánà sì ni ìyá Sámúẹ́lì nínú Ìwé Mímọ́. Òbí ló ń sọ ọmọ lórúkọ láyé. Ní ti ìyá yìí, orúkọ ọmọ ló fa tirẹ̀ wọlé.

Nígbà tí Bíbélì Yorùbá wá parí ní 1884, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí n kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn atúmọ̀ náà jókòó pète. Òyìnbó tó ń kọ nípa Ọlọ́run kò lè lọ ìlà méjì kí ó má sọ bóyá akọ ni tàbí abo, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń pe obìnrin. Lọ́dọ̀ wa, "ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin, "ó" ni òjò tó ń rọ̀. Bí a bá wí pé Ọlọ́run dá ayé, ó sì rí i pé ó dára, ọmọ tó ń gbọ́ kò gbọ́ nǹkan kan nípa irùngbọ̀n. Mo mọ̀ pé "Baba" ni Jésù kọ́ wa láti pè é, n kò sì sí lára àwọn tó fẹ́ kí a yí àdúrà náà padà. Ohun tí mo ń wí ni pé ní gẹ́rẹ́ tí a bá ti kọjá orúkọ "Baba" yẹn, èdè wa a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. (Ohun mìíràn a tún máa pa mí lẹ́rìn-ín: ọmọ tó ń wí fún ìyá rẹ̀ pé "ẹ káàárọ̀" kan náà ni yóò yíjú sí Ọlọ́run tí yóò sì máa pè é ní "ìwọ".)

Ní ti Ẹ̀mí Mímọ́, ọ̀ràn náà tilẹ̀ le ju báyìí lọ lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Hébérù ń lò fún ẹ̀mí, abo ni nínú gírámà wọn. Nígbà tí ó dé èdè Gíríìkì, kò jẹ́ akọ, kò jẹ́ abo. Nígbà tí ó dé Látìn, ó di akọ. Àwọn onígbàgbọ́ ayé àtijọ́ tí wọ́n ń sọ èdè Síríà, tí èdè wọn bá ti Hébérù tan, mú abo yìí lọ́wọ́ gidigidi, tó bẹ́ẹ̀ tí Aphrahat, amòye kan tí ó gbé ilẹ̀ Páṣíà ní nǹkan bí ọdún 340, fi kọ ọ́ pé ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ń fẹ́ràn Ọlọ́run baba rẹ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ìyá rẹ̀. Bí ìyẹn bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kí ó wo ọ̀rọ̀ tí àwọn Hébérù ń pe àánú Ọlọ́run: láti ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ilé ọmọ nínú obìnrin ni ó ti wá. Àwa náà kò sì jìnnà síbẹ̀, nítorí pé ìyọ́nú ni a túmọ̀ rẹ̀ sí, kí ni ìyọ́nú sì jẹ́ bí kò ṣe inú tó yọ́, inú kan náà tí a ń gbé oyún sí? Wòlíì Àìsáyà fi Ọlọ́run wé ìyá tó ń tu ọmọ rẹ̀ nínú, ó sì bèèrè bóyá abiyamọ lè gbàgbé ọmọ ọmú. Jésù fi ara rẹ̀ wé àgbébọ̀ adìẹ tó fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá, tí àwọn ọmọ náà kọ̀. Ẹni tó bá ti rí àgbébọ̀ nígbà tí àṣá bá ń rá bàbà lókè kò nílò alásọyé. Anselm, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Canterbury, mú àgbébọ̀ yìí sínú àdúrà rẹ̀, ó sì bi Jésù bóyá òun náà kọ́ ni ìyá. Julian, obìnrin tó fi ara rẹ̀ sé inú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Norwich, tí ó rí ìran lórí àìsàn ní 1373, kọ̀wé láìfọ̀rọ̀bọpo pé ìyá wa ni Jésù. Àwọn àgbà tiwa ti fi ọ̀rọ̀ kúkúrú sọ ọ́: abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Gbogbo ẹni tó ń gbàdúrà lóru, lórí títatí yìí ló gbé ọkàn lé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí àwọn ìyá ti ń gba àdúrà. Nínú ìjọ tí mo mọ̀, àti nínú ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn, àwọn abiyamọ a máa pé jọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí àwọn ẹlẹ́kọ tó gbé igbá, kí ojú ọ̀run tó là. Wọ́n á bo orí, wọ́n á fún ọ̀já mọ́ ìdí, nítorí pé àdúrà tí wọ́n fẹ́ gbà kì í ṣe àdúrà ẹni tó jókòó gẹlẹtẹ. Ẹni tó bá ṣáájú wọn kì í fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A kì í wọ ààfin kí a má kí ọba; oríkì ni yóò kọ́kọ́ dà sílẹ̀: Ọba Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé, Arúgbó Ọjọ́, Ọ̀yígíyigì, Kábíyèsí tí ẹnìkan kò lè bi. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé àwọn ọkùnrin a máa fojú di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní kí ìyá tètè dé orí ọ̀rọ̀. Ta ló ni oríkì nílẹ̀ Yorùbá? Lóòótọ́, ayàn ń kì, oníìjálá ń kì. Ṣùgbọ́n oríkì orílẹ̀, èyí tí a fi ń jí ọmọ láàárọ̀, tí a fi ń rọ ọkọ tó bínú, tí a fi ń sin àgbà ilé dé ojú oórì, ẹnu àwọn ìyàwó ilé ni ó wà jù. Obìnrin tó ti agbo ilé ẹlòmíràn wá ni yóò fi ọdún gbọọrọ kọ́ ìtàn ilé ọkọ, títí yóò fi mọ̀ ọ́n ju ọmọ bíbí ilé lọ. Ó ti mọ̀ pé bí a bá pe ènìyàn ní orúkọ rẹ̀ tó jinlẹ̀, orí rẹ̀ a wú, ọwọ́ rẹ̀ a sì là. Ọgbọ́n yìí ló kó wá sílé Ọlọ́run. Mo ti gbọ́ tí ìyá arúgbó kan, lẹ́yìn tí ó ti pe Ọlọ́run ní ọba, ní jagunjagun àti ní àpáta, rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tí ó wá pè é ní Abiyamọ tó pọ̀n wá tí kò tú ọ̀já. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní èyí ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Lẹ́yìn oríkì ni orúkọ. Ìyá tó bí bàbá mi kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀, bí àkùkọ bá ti kọ lẹ́ẹ̀kejì, a máa ka orúkọ wa síwájú Ọlọ́run bí ẹni ń ka owó ẹyọ, láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn, ó sì máa ń fi ti àwọn ìyàwó àti ti ọmọ alágbàtọ́ kún un. Àwa tí a sùn sí yàrá kejì a máa tẹ́tí, nítorí pé bí ó bá dé orí orúkọ ẹni tó jí ẹran jẹ lálẹ́ àná, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò mí kanlẹ̀, kí ó tó máa bá àdúrà lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn tó ẹgba mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá ìjọ ń ṣe ní ìta gbangba: olúkúlùkù á pe orúkọ ọmọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wà nílé, èyí tó wà ní Kánádà, èyí tí kò tíì bí, ariwo á sì dà bí ti ọjà ọ̀sán. Tó bá kan àwọn tó ń wá ọmọ, wọn á gbé ọwọ́ lé ikùn. Tó bá kan ọmọ tó ń ṣàìsàn, wọn á gbé ọwọ́ lé ọyàn tí ọmọ náà mu. Ọkùnrin tó bá wà láàárín wọn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ tirẹ̀ sí.

Lẹ́yìn ariwo ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀dọ̀ Hánà ni wọ́n sì ti kọ́ ìyẹn. Ní Ṣílò, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, Élì àlùfáà sì rò pé ọtí ló ń pa á. Èmi a máa rò pé ìtàn yìí ni àlùfáà gbogbo ì bá máa kà kí wọ́n tó fi oyè jẹ wọ́n: obìnrin kan ń gba àdúrà tó jinlẹ̀ jù lọ nínú ilé Ọlọ́run, olórí ilé náà sì jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, kò sì mọ ohun tí ojú òun rí. Títí di òní, bí Aládùúrà bá fẹ́ fi àpẹẹrẹ ìdáhùn bẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run Hánà ni yóò ké pè.

Ọ̀rọ̀ Aládùúrà sì ti dé ẹnu, a kò gbọdọ̀ gbójú fo àwọn obìnrin tó wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn burúkú nì jà ní 1918, tí a ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì pa, nínú ẹgbẹ́ kékeré tó ń gbàdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Sophia Odùnlámì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣe olùkọ́, ni ó jẹ́ iṣẹ́ tó gbà lójú ìran pé kí wọ́n fi omi òjò àti àdúrà wo àrùn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọmọbìnrin mìíràn, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tó ń lọ sí ìjọ Áńgílíkà, jáde lọ wo ìwọ́de Ara Kírísítì tí àwọn Àgùdà ń ṣe ní ìgboro Èkó, ó rí áńgẹ́lì kan lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n gbé sókè, ó délé, ó sì wọ ojúran lọ. Mósè Orímọládé, ará Ìkàrẹ́, ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti wá gbàdúrà fún un, láti orí ẹní ọmọbìnrin náà ni Ẹgbẹ́ Séráfù sì ti bẹ̀rẹ̀, tí a wá fi Kérúbù kún lẹ́yìn náà. Captain Abíọ́dún, bí wọ́n ti ń pè é, rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láti wàásù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1929 òun àti Orímọládé pínyà, ọ̀rọ̀ ẹni tó tọ́ sí láti ṣe olórí sì di àríyànjiyàn ọjọ́ pípẹ́. Bí ìran bá ti ojú obìnrin wá, a kì í jà. Ìgbà tó bá kan àga ni a máa ń rántí pé obìnrin ni.

Ní ti àwọn ará ìjọ Àgùdà, ojú ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ní ìlú Éfésù, níbi tí ará ìlú ti kígbe nígbà kan rí pé títóbi ni Átémísì òrìṣà wọn, ibẹ̀ náà ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti péjọ ní 431 tí wọ́n fi ẹnu kò pé kí a máa pe Màríà ní Ìyá Ọlọ́run. Àwọn tiwa tó ti oko ẹrú Brazil padà wá sí Èkó mú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ dání, wọ́n sì ń gbà á kí àlùfáà Borghero tó yọjú sí wọn ní 1863. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí rọrùn, ó sì jinlẹ̀. Ní ayé àtijọ́, àwọn tó mọ ìwé ń ka Sáàmù 150. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, ìkíni áńgẹ́lì sí Màríà 150 ni yóò kà dípò rẹ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá, tí yóò sì máa ro ìtàn Jésù kan lọ́kàn bí ìka bá ti ń sún lórí ìlẹ̀kẹ̀. (Póòpù John Paul Kejì fi ìtàn márùn-ún mìíràn kún un ní 2002, ìṣirò náà kò sì bá Sáàmù mu mọ́.) Àwọn ará ìjọ yòókù ń wí pé òrìṣà ni wọ́n fi Màríà ṣe, ẹ̀rù náà kò sì ṣàìní ìdí láàárín àwa tí a ń pòwe pé òrìṣà bí ìyá kò sí. Ṣùgbọ́n Yorùbá wo ni kò mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ilé? Bí baba bá bínú, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ń gbà wọlé. Ní Kánà ti Gálílì, ọtí tán níbi ìgbéyàwó, ẹ̀tẹ́ sì fẹ́ bá ìdílé ọkọ ìyàwó. Màríà ló kọ́kọ́ rí i, òun ló sọ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ sì fèsì pé àkókò òun kò tíì tó. Ìyá kò bá a jiyàn. Ó yíjú sí àwọn ìránṣẹ́, ó ní ohunkóhun tó bá wí fún wọn, kí wọ́n ṣe é. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá ń ṣe.

Ó wá ku ibi tó ń dùn mí. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ aláṣọ funfun, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọ ilé àdúrà títí ọjọ́ yóò fi pé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà a dúró síta títí tí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìwé Léfítíkù ni wọ́n dì mú, níbi tí òfin ti ya ọjọ́ 40 sọ́tọ̀ fún ìyá ọmọkùnrin, tí ó sì sọ ọ́ di 80 bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èèwọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ obìnrin ti wà nílé wa kí ìwé tó dé, wọ́n sì ń fi ìbẹ̀rù Ọlọ́run pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé Máàkù náà wà, níbi tí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12 ti gba àárín èrò kọjá, tí ó fọwọ́ kan aṣọ Jésù, tí Jésù sì pè é ní ọmọbìnrin òun lójú gbogbo ènìyàn. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n mú ìtàn méjèèjì yìí sọ̀rọ̀ pọ̀ ní ọjọ́ kan.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa gba ẹ̀gbẹ́ irú ilé àdúrà bẹ́ẹ̀ kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí obìnrin kan níta, lẹ́bàá ọgbà, ó wọ àǹkárá níbi tí gbogbo àwọn tó wà nínú ilé ti wọ funfun. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ohùn ọkùnrin tó ń darí àdúrà ń dún jáde, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ó dá ọmọ kan tó ń ṣàìsàn sí, ó ké títí tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi há, ó wá dé ibi tí Yorùbá máa ń dé bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu: ó ní nítorí ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Obìnrin náà gbọ́ ọ. Ó wo ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká etí ìró rẹ̀ sókè, ó sì kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ níbi tó wà.